Ẹni Tí Kò Lè Gbàdúrà Mọ́

"Mọ́mì, mi ò lè gbàdúrà mọ́." Gbólóhùn tí mo máa ń gbọ́ jù lọ nìyẹn lẹ́nu àwọn Kristẹni tí ìsoríkọ́ bá mú. Wọn kì í kọ́kọ́ dárúkọ owó, wọn kì í dárúkọ ọkọ tàbí àìríṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ìyẹn lè wà nílẹ̀. Àdúrà ni wọ́n máa ń mẹ́nu bà. Wọ́n á ní àwọn kúnlẹ̀ síwájú bẹ́ẹ̀dì, ọ̀rọ̀ ò jáde. Wọ́n ṣí Bíbélì, wọ́n ka ẹsẹ kan ṣoṣo ní àkàtúnkà, kò wọlé sí wọn lọ́kàn. Wọ́n lọ sí ìsọjí, gbogbo ìjọ ń sunkún níwájú Olúwa, ojú tiwọn gbẹ. Wọ́n á wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Ó jọ pé Ọlọ́run ti kọ̀ mí."

Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn ọpọlọ ń bá jà ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ iṣẹ́ mi. Mo tún jẹ́ díákónẹ́ẹ̀sì nínú ìjọ wa ní Abẹ́òkúta níbí, mo sì wà lára àwọn tó ń jókòó gba èèyàn nímọ̀ràn lẹ́yìn ìsìn. Ohun tí mo rí níhà méjèèjì ló mú mi kọ èyí. Ó dá mi lójú pé kò yẹ ká máa bi ẹni tí ìsoríkọ́ mú léèrè pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ dà. Àwa tí a jókòó tì í ló yẹ ká di ìgbàgbọ́ náà mú, ká bá a gbé e, títí ara rẹ̀ á fi le tó láti gbé e fúnra rẹ̀.

Inú Máàkù orí kejì ni mo ti rí i. Ẹni mẹ́rin gbé ẹlẹ́gbà kan wá sọ́dọ̀ Jésù. Èrò pọ̀, wọn ò rọ́nà wọlé, ni wọ́n bá gun òrùlé, wọ́n dá a lu, wọ́n sì sọ ọkùnrin náà kalẹ̀ tòun ti ibùsùn rẹ̀. Bíbélì ò sọ pé ẹlẹ́gbà náà gbàdúrà. Kò sọ pé ó jẹ́wọ́ tàbí pé ó kígbe bẹ Jésù. Ohun tó sọ ni pé nígbà tí Jésù rí ìgbàgbọ́ wọn, ìgbàgbọ́ àwọn tó gbé e wá, ló bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀. Mo ti gbọ́ ìwàásù lórí ibẹ̀ láìmọye ìgbà, òrùlé tí wọ́n dá lu ni wọ́n sábà máa ń tẹnu mọ́. Èmi, apá àwọn mẹ́rin yẹn ni mo máa ń rò. Èèyàn wúwo. Ó dájú pé wọ́n sinmi lọ́nà.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ nípa ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìjọ wa. Ẹnì kan wá, ó ní inú òun ò dùn, òun ò rí oorun sùn, ayé sú òun. Ẹni tó kọ́kọ́ gbọ́ á ní, "Má jẹ́ kí èṣù lò ẹ́ o. Máa dúpẹ́. Ṣé o mọ iye èèyàn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù?" Bí ìyẹn ò bá ràn án, wọ́n á ní kó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, láìjẹ láìmu. Bí ara ò bá tíì yá, ìwádìí bẹ̀rẹ̀: ṣé kò ní ẹ̀ṣẹ̀ ìkọ̀kọ̀, ṣé ìyá ìyá rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan, ṣé kì í rí ọkọ ẹ̀mí lójú àlá? Ó di orí òkè. Kí aláìsàn náà tó dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì tàbí dókítà, ó ti rù, ìṣọ́ òru ti gba ìwọ̀nba oorun tó kù fún un, ó sì ti gbà pé òun gan-an ni ìṣòro ara òun.

Mi ò sọ èyí láti bẹnu àtẹ́ lu ààwẹ̀. Èmi náà ń gbààwẹ̀. Mo gbà pé agbára òkùnkùn wà, mo sì gbà pé orúkọ Jésù ju gbogbo orúkọ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí oúnjẹ ò dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́, tó ń jí ní aago mẹ́ta òru tí kò sì ní sùn mọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́, ṣé ebi àti àìsùn la fẹ́ fi kún tirẹ̀?

Ọmọbìnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ akọrin wa. Mo ti yí àwọn nǹkan kan padà nípa rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀, òun náà sì mọ̀ pé mò ń kọ ọ́. Aránṣọ ni, ọwọ́ rẹ̀ dáa púpọ̀. Ó bí ọmọ rẹ̀ kejì, nígbà tó sì di oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìkómọ, a ò rí i mọ́ ní ìdánrawò orin. Lọ́jọ́ kan ó wá bá mi ní fẹ́sìtírì lẹ́yìn ìsìn, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní kó jókòó. Ó jókòó sétí àga. Ó di etí ọ̀já tó fi pọnmọ mú, ó ń ká a, ó ń tú u, ó tún ń ká a. Mo wá wo aṣọ tó wọ̀. Etí ìsàlẹ̀ búláòsì rẹ̀ ti tú, píìnì ló fi mú un pọ̀. Aránṣọ! Píìnì yẹn ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ yìí ju pé ó rẹ̀ ẹ́ lọ.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́wọ́. Ó ní òun mọ ìdí tí Ọlọ́run fi ń bá òun jà. Mo ti ń múra sílẹ̀ láti gbọ́ ohun ńlá. Ẹran ni. Ẹran tó jí nínú ìkòkò ìyá rẹ̀ nígbà tó wà ní pírámárì, tí wọ́n sì na ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí i. Ó ti tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ti pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò tiẹ̀ rántí. Síbẹ̀ ẹran yẹn ò kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba èèyàn nímọ̀ràn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fiyè sí èyí. Ẹ̀bi tòótọ́ wà láyé. Ẹni tó jẹ owó opó, tí ẹ̀rí ọkàn ò jẹ́ kó sùn, kó lọ dá owó náà padà, kó sì tọrọ ìdáríjì, ara rẹ̀ á fúyẹ́. Àmọ́ ìsoríkọ́ a máa wá ẹ̀bi kiri. Ẹ gbàdúrà ìdáríjì lórí ọ̀kan lónìí, á gbé òmíràn dé lọ́la, èyí tó tún kéré sí ti àná. Tí ẹ bá rí ẹ̀bi tí ìdáríjì kò lè mú kúrò, àìsàn lẹ ń wò yẹn. Agbaninímọ̀ràn tó bá jókòó tó ń bá a wá ẹ̀ṣẹ̀ sí i, ó ń fún àìsàn náà lágbára ni. Ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù ṣe nìyẹn. Ọjọ́ méje àti òru méje tí wọ́n fi jókòó tì í nílẹ̀ láìsọ ohun kan ni ìwà wọn dára jù. Ìgbà tí wọ́n lanu ni wọ́n bà á jẹ́.

Mi ò bá a sọ̀rọ̀ ẹran. Mo ní, "Báwo lo ṣe ń sùn?"

"Mọ́mì, mi ò kì í sùn."

"Ṣé ọmọ ló ń jí ẹ ni?"

"Rárá o, ọmọ á sùn. Èmi ni. Tó bá ti di nǹkan bí aago mẹ́ta, ojú mi á là. Orí mi á máa gbóná, nǹkan á máa rìn níbẹ̀, àyà mi á máa já."

"Oúnjẹ ńkọ́?"

"Mò ń jẹ ẹ́ nítorí ọmọ tó ń mu ọmú ni."

"Orin ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń wù ẹ́ kọ?"

Kò dáhùn. Ẹni tí a máa ń ní kó rọra kọrin torí pé ohùn rẹ̀ bo ti àwọn tó kù mọ́lẹ̀.

Orí gbígbóná, nǹkan tó ń rìn lórí, àyà jíjá: ọ̀pọ̀ wa ló jẹ́ pé inú ara ni ìsoríkọ́ ti ń kọ́kọ́ fara hàn. Àwọn àgbà ń pè é ní ọdẹ orí. Ní 1987, Dókítà Makanjuola gbé ìwádìí jáde nípa àwọn aláìsàn Yorùbá tí wọ́n ní ọdẹ orí ló ń yọ àwọn lẹ́nu, ìsoríkọ́ àti àníyàn sì wà lára ohun tó rí nídìí rẹ̀. Nítorí náà, bí Sìsítà kan bá ń wá gba àdúrà orí fífọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò tí wọn ò rí nǹkan kan, ẹ bi í nípa oorun rẹ̀. Ẹ bi í bóyá ohun tó máa ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ ṣì ń dùn mọ́ ọn. Bó bá ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí ìdáhùn rẹ̀ ti jẹ́ rárá, ó ti tó ohun tí dókítà gbọ́dọ̀ gbọ́.

Nínú Àwọn Ọba Kìíní orí 19, ẹ wo bí Ọlọ́run ṣe tọ́jú Èlíjà. Ọkùnrin yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ pe iná láti ọ̀run ní òkè Kámẹ́lì ni. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ó wà lábẹ́ igi kan nínú aginjù, ó ní, "Ó tó gẹ́ẹ́, nísinsìnyí Olúwa, gba ẹ̀mí mi kúrò." Áńgẹ́lì dé. Kò bá a wí, kò sì rán an létí iná Kámẹ́lì. Ó fọwọ́ kàn án, ó ní, "Dìde, jẹun." Àkàrà tí wọ́n dín lórí ẹyin iná wà níbi orí rẹ̀, àti orù omi. Ó jẹ, ó mu, ó tún dùbúlẹ̀, áńgẹ́lì sì jẹ́ kó sùn. Nígbà tó padà wá lẹ́ẹ̀kejì, ohun kan náà ló sọ, ó kàn fi kún un pé ọ̀nà náà jìn fún un. Ìgbà tí Èlíjà ti jẹun lẹ́ẹ̀mejì, tó ti sùn, tó sì ti rin ogójì ọjọ́ dé Hórébù, ni Ọlọ́run tó bi í pé, "Kí ni ìwọ ń ṣe níhìn-ín, Èlíjà?" Ó wá sọ tinú rẹ̀, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀rọ̀ kan náà láìyọ láìfi kún, Ọlọ́run ò sì sọ fún un pé ó ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ti jókòó ti ẹni tí ìsoríkọ́ mú mọ ohun tí mò ń wí. Wọ́n máa ń sọ ọ́ ní àsọtúnsọ.

Mo bá ní kí wọ́n bá wa ra ẹ̀kọ àti àkàrà lójú títì. Mo gba ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó jẹ àkàrà kan, ó sì jẹ ẹ̀kọ dé ìdajì, ó ń wo ilẹ̀. Mo gbàdúrà, kò gùn. Mi ò ní kó ṣe àmín. Mo sọ fún un pé, "Láti òní lọ, èmi ni màá máa bá ẹ gbàdúrà. Ìwọ fi sílẹ̀ ná. Ọjọ́ tó bá wù ẹ́, o lè bá mi dá sí i." Èjìká rẹ̀ wálẹ̀. Mo wá bi í ní ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ agbaninímọ̀ràn ń sá fún: "Ṣé ó ti ń wá sí ẹ lọ́kàn pé kó o kú?"

Àwọn kan rò pé bí a bá béèrè, àwa la fi sí i lọ́kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní in lọ́kàn ti ń dá a gbé kiri, ìbéèrè yẹn sì lè jẹ́ àyè àkọ́kọ́ tó máa rí láti sọ ọ́ jáde. Láàárín àwa Yorùbá, wọn kì í là á mọ́lẹ̀. Wọ́n á ní, "Ẹni tó kú ti sinmi." Wọ́n á ní, "Ikú yá ju ẹ̀sín lọ." Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ẹni tó máa bá àwọn tọ́jú ọmọ. Bí agbaninímọ̀ràn bá gbọ́ irú ẹ̀, kó má kàn fèsì pé "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́," kó wá kọjá síbòmíràn. Kó béèrè, kó fara balẹ̀ gbọ́ ìdáhùn, kó má ṣe fi í sílẹ̀ ní òun nìkan lọ́jọ́ yẹn, kó rí i pé ọ̀kan nínú ará ilé mọ̀, kí wọ́n kó ohun tó lè ṣe é ní jàǹbá kúrò nítòsí, kí wọ́n sì mú un lọ síwájú dókítà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ má ṣe dẹ́rù bà á pé ọ̀run àpáàdì ló ń lọ. Ó ti gbà pé ibẹ̀ lòun wà.

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti wá sí òun lọ́kàn, ṣùgbọ́n ọmọ ni òun ń wò. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyá ọkọ rẹ̀ wá sùn tì í. Mo sọ fún un pé ní àárọ̀ Mọ́ńdè a jọ ń lọ rí dókítà. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tó wá bà á. "Mọ́mì, wọ́n á ní mo ti ń lọ Àró."

Ẹni tó bá gbé Abẹ́òkúta mọ ìwọ̀n ọ̀rọ̀ yẹn: Àró ni ilé ìwòsàn àwọn tí àìsàn ọpọlọ ń bá jà wà. Ní Èkó, Yaba Left, ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Yaba, ni wọ́n máa ń dárúkọ. Ó máa ń dùn mí, torí pé ohun tí àwọn ará ibòmíràn fi ń yin Àró la ò rí rò nípa rẹ̀. Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta tí wọ́n bí ní 1923, ló bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé níbẹ̀ ní 1954. Dípò tí wọ́n á fi ti aláìsàn mọ́lé, wọ́n ní kí òun àti ìbátan rẹ̀ kan wá gba yàrá ní àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká. Ní àárọ̀, á lọ gba ìtọ́jú. Lẹ́yìn ìyẹn, á padà sáàárín àwọn tó ń dáná, tó ń roko, tó ń kí i ní ẹ káàsán. Lámbò pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ náà mọ́ra, kò sì sọ pé oògùn òyìnbó ò wúlò. Ó lo méjèèjì. Nígbà tó yá, ó di igbákejì olùdarí àgbà ní Àjọ Ìlera Àgbáyé. Abúlé wọ̀nyẹn ni mo máa ń rántí tí mo bá ń wo ìjọ wa. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ti kúrò nílé bàbá wọn, ìlú ni wọ́n ń gbé nínú yàrá kan. Ìjọ ló kù fún wọn bí abúlé. Ilé ìwòsàn á fún wọn ní ìtọ́jú àárọ̀. Ta ló máa bá wọn jẹun ní ìrọ̀lẹ́?

A lọ. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, torí pé àìtó ẹ̀jẹ̀ àti àwọn àìsàn kan tó ń mú ẹṣẹ́ ọrùn, tí òyìnbó ń pè ní tairọ́ìdì, lè jọ ìsoríkọ́. Wọ́n béèrè bó bá ń fọ́mọ lọ́mú kí wọ́n tó yan oògùn. Wọ́n ní ìsoríkọ́ ẹ̀yìn ìbímọ ni. Wọ́n sì là á yé wa pé oògùn náà kò ní ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan, pé ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kó tó mọ̀ ọ́n lára.

Àárín ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn ni agbaninímọ̀ràn gbọ́dọ̀ wà nídìí iṣẹ́ jù. Ẹnu á gbẹ, ara á wúwo, ìbànújẹ́ ò tíì lọ, ẹnì kan á sì yọ lójijì láti sọ pé, "Ṣé mo sọ fún ẹ, oògùn òyìnbó ò lè wo àìsàn ẹ̀mí." Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń jáwọ́. Mo máa ń pè é láràárọ̀ nígbà náà. Mi ò ní bi í bó ti gbàdúrà. Màá bi í bó ti lo oògùn rẹ̀, kí ló jẹ, ṣé oòrùn ti bà á lára lónìí. Màá ka Sáàmù díẹ̀ sí i létí. Sáàmù 88 ló kọ́kọ́ ní kí n tún kà fún òun, èyí tí kò ní ìlà ìdùnnú kankan nínú, tó sì parí sínú òkùnkùn. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé inú Bíbélì nìyẹn wà lóòótọ́?" Inú rẹ̀ ló wà. Ẹni tó kọ ọ́, Ọlọ́run ló ń bá sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé lílo oògùn jẹ́ àìnígbàgbọ́, ẹ fi Hesekáyà hàn án. Ọba yẹn ṣàìsàn dé ojú ikú, ó gbàdúrà, ó sunkún, Ọlọ́run gbọ́, ó sì fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kún ọjọ́ rẹ̀. Ìlérí ti dé. Síbẹ̀, Àìsáyà ní kí wọ́n mú ìṣù ọ̀pọ̀tọ́ wá, kí wọ́n fi lé ojú oówo náà. Bẹ́ẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù pe Lúùkù ní oníṣègùn olùfẹ́. Kò rí i bí alátakò àdúrà.

Oògùn àti àdúrà kì í sì í wo gbogbo èèyàn tán. Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ìyẹn, torí ìjọ ò fẹ́ràn láti gbọ́ ọ. Orin kan wà tí a máa ń kọ ní Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, "Ìsun kan wà tó kún f'ẹ̀jẹ̀." Omijé máa ń bọ́ lójú àwọn ìyá wa tí wọ́n bá ń kọ ọ́. William Cowper ló kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, òyìnbó kan tí wọ́n bí ní 1731. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ní 1763, ìsoríkọ́ kọ lù ú débi pé ó fẹ́ pa ara rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sílé ìtọ́jú Dókítà Nathaniel Cotton ní St Albans, Kristẹni tó mọ iṣẹ́ ìṣègùn, tó sì mọ bí a ṣe ń fi sùúrù báni sọ̀rọ̀. Ilé ìtọ́jú yẹn ló ti ka Róòmù 3:25, tí ìmọ́lẹ̀ sì wọlé sí i lọ́kàn. Bí ìtàn bá parí síbẹ̀, ẹ̀rí ńlá ni ìjọ á fi ṣe.

Kò parí síbẹ̀. Ó kó lọ sí Olney, ó di ọ̀rẹ́ àlùfáà ibẹ̀, John Newton, ẹni tó ti ṣe ọ̀gá ọkọ̀ òkun tó ń kó ẹrú ní etíkun Áfíríkà wa níhìn-ín kó tó di àlùfáà. Wọ́n jọ ń kọ orin, wọ́n jọ ń bẹ àwọn tálákà wò. Ní 1773 ìsoríkọ́ padà dé, ó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Cowper gbà pátápátá pé Ọlọ́run ti ta òun nù, èrò yẹn kò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀ títí tó fi kú ní 1800. Kò wọ ilé ìjọsìn mọ́. Newton ò lé e. Ó gbà á sílé ara rẹ̀, ó lé ní ọdún kan tó fi wà níbẹ̀. Ìyáàfin Mary Unwin tọ́jú rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn aládùúgbò fún un ní ọmọ ehoro, ó ń sìn wọ́n, ó ń kan pákó, ó ń ro ọgbà, ó ń kọ ewì. Ikú ara rẹ̀ ló kú, lórí bẹ́ẹ̀dì, lẹ́ni tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé àádọ́rin ọdún.

Àwọn kan lè wo ìyẹn kí wọ́n ní ìmọ̀ràn Newton ò ṣiṣẹ́. Lójú tèmi, ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tí ọkùnrin yẹn tún lò láyé lẹ́yìn 1773 ni èso ìmọ̀ràn náà. Cowper ò rí ìgbàgbọ́ di mú mọ́, àwọn tó yí i ká ń dì í mú fún un. Ẹnì kan tó gbà pé Ọlọ́run ò fẹ́ òun, orin rẹ̀ ló ń tu àwọn ìyá wa nínú títí dòní ní ilẹ̀ tí kò dé rí.

Ọ̀rọ̀ àṣírí tún wà níbẹ̀, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀ torí inú máa ń bí mi. Ohun tí èèyàn bá sọ ní fẹ́sìtírì kò gbọdọ̀ di kókó àdúrà lórí WhatsApp. "Ẹ bá wa gbàdúrà fún Sìsítà kan nínú ẹgbẹ́ akọrin tí ẹ̀mí ìrẹ̀wẹ̀sì ń yọ lẹ́nu." Gbogbo ìjọ ti mọ ẹni náà nìyẹn. Kò gbọdọ̀ di àkàwé nínú ìwàásù. Ẹ̀ẹ̀kan péré tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, àwọn tó kù tó ń jìyà ní ìdákẹ́ á ti rí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí wọn tí wọ́n bá lanu.

Àwọn kan máa ń bi mí pé, ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ńkọ́, kí ló lè ṣe? Ó lè ṣe púpọ̀. Ní Harare, ní Zimbabwe, Dókítà Dixon Chibanda kọ́ àwọn ìyá àgbà àdúgbò bí wọ́n ṣe máa jókòó lórí bẹ́ǹṣì onígi nínú ọgbà ilé ìwòsàn, kí wọ́n máa bá àwọn tí ìrònú ti pọ̀ jù fún sọ̀rọ̀. Wọn kì í ṣe dókítà. Wọ́n á gbọ́ gbogbo ìṣòro ẹni náà, wọ́n á ní kó mú ẹyọ kan ṣoṣo, wọ́n á jọ wá ìgbésẹ̀ kékeré kan tó lè gbé lórí rẹ̀ kí ó tó padà wá. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2016 fi hàn pé ara àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì yẹn yá ju ti àwọn tó gba ìtọ́jú bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Nítòsí wa níbí, ní Ìbàdàn àti ní Kumasi ní Gánà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti àwọn tó ń fàdúrà woni bá ń bá àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ṣiṣẹ́ pọ̀ lórí àìsàn ọpọlọ tó le ju ìsoríkọ́ lọ. Èsì wọn jáde ní 2020: ara àwọn aláìsàn yá sí i níbi tí wọ́n ti fọwọ́ sowọ́ pọ̀.

Ọgbọ́n àwọn ìyá Harare yẹn ni mo lò fún ọmọbìnrin aránṣọ wa. Nígbà tí oorun rẹ̀ ti ń padà, mo ní kó mú ìṣòro kan. Ó ní aṣọ oníbàárà ni. Ó ti kún gbogbo yàrá, àwọn kan ti fẹ́ fi ṣe ìgbéyàwó tó ti kọjá, wọ́n ń pè, ló bá pa fóònù. A tú àwọn aṣọ náà síta. Èyí tó ti gé sílẹ̀, aránṣọ mìíràn nínú ìjọ bá a parí ẹ̀. Èyí tí kò tíì gé, a dá a padà fún àwọn tó ni ín, èmi ni mo gbé e lọ tí mo sì gba èébú tó bá a wá. Nígbà tí ilẹ̀ yàrá yẹn tún hàn, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó sì fi abẹ́rẹ́ àti òwú tún etí ìsàlẹ̀ búláòsì rẹ̀ rán.

Ó ti padà sínú ẹgbẹ́ akọrin báyìí, ìlà ẹ̀yìn ló ń dúró sí. Ó ṣì ń lo oògùn rẹ̀, torí pé a kì í jáwọ́ nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí ara bá yá. Dókítà ló máa sọ ìgbà tí wọ́n máa rọra dín in kù. Ibẹ̀ ni èmi àti Pásítọ̀ ti fẹ́ ní gbólóhùn asọ̀. Inú wọn dùn, wọ́n fẹ́ kó jáde wá jẹ́rìí ní ìsìn ìdúpẹ́ pé Ọlọ́run ti tú òun sílẹ̀. Mo ní, "Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́ sà. Bó bá dúró níwájú tó ní òun ti gba ìdáǹdè, tí kò dárúkọ oògùn, àwọn tó wà lórí àga tó ń lo tiwọn á lọ dà á nù lálẹ́ ọjọ́ náà. Bó bá sì dárúkọ oògùn, tó bá tún ṣàìsàn lọ́dún tó ń bọ̀, ojú wo la ó fi wò ó?" Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi kí ni kí àwọn ṣe nígbà náà.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, kí wọ́n tó ka ìkéde, Pásítọ̀ sọ ọ́ fúnra wọn látorí pẹpẹ. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni tó bá ń lo oògùn ìsoríkọ́ tàbí ti àìsàn ọpọlọ yòówù nínú ìjọ yìí, kó máa lo oògùn rẹ̀, àdúrà àwọn wà lórí rẹ̀. Wọ́n ní láti ọdún 2023 ni ìjọba ti fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun tó fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀tọ́, kí ìjọ Ọlọ́run má ṣe wà lẹ́yìn ìjọba nínú àánú.

Lẹ́yìn ìsìn, àwọn kan dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà fẹ́sìtírì. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ bàbá kan lára àwọn tó ń ka owó ọrẹ. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń lo tiwọn, inú àpò Bíbélì ni àwọn ń tọ́jú rẹ̀ sí, kò sẹ́ni tó mọ̀ nílé. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ń lò ó déédéé. Wọ́n ní ó ti tán, owó rẹ̀ ti gbówó lórí, ojú sì ń ti àwọn láti padà lọ bá dókítà lẹ́yìn tí àwọn ti pa ọjọ́ àdéhùn jẹ. Mo ní, "Bàbá, aago mélòó ni kí n wá yà yín lọ́la?" Wọ́n ní aago mẹ́jọ àárọ̀. A ti dé ibẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án tó lù.